Òṣómàáló Lẹ́bàá Ẹni Tí Èémí Rẹ̀ Ń Lọ

Ìhanrun la kọ́kọ́ gbọ́. Ọjọ́ Sátidé ni, níbi ìnáwó òkú àgbà kan ní Iléṣà. Àwọn onílù ti ń di ìlù wọn, àwọn alásè ti ń ha ìkòkò. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ẹni ọdún méjìlélógún lọ nà gbalaja sórí àga oníke mẹ́ta tí wọ́n tò pọ̀ lábẹ́ kánópì, ó ń hanrun. Ìhanrun náà ń ró gulu-gulu bí ìgbà tí omi ń wọnú agbè. Ẹnì kan ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ kó sùn, láti àná ló ti ń ru àga." A fi í sílẹ̀. Èmi náà wà lára àwọn tó fi í sílẹ̀.

Ìyá àgbà kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Nọ́ọ̀sì ló gbé kúlà rẹ̀ ń kọjá lọ, ló bá dúró. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì. Ó gbé kúlà lé mi lọ́wọ́. Ó ṣí ìpéǹpéjú ọmọ náà, ó fa ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ wálẹ̀ wo inú rẹ̀, ó wo èékánná rẹ̀. Ó pè é: "Ọmọ mi! Ọmọ mi, dá mi lóhùn!" Ó fi oríkèé ìka ọwọ́ ha egungun àyà rẹ̀ gidi, irú èyí tí ẹni tó ń sùn lásán yóò fi fò dìde. Kò mira. Ó wá yíjú sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀: "Kí ló lò? Ẹ má purọ́ fún mi. Mi ò pe ọlọ́pàá." Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn ní, "Tramol ni, Mà. Two-two-five, hóró méjì. Ó sì mu paraga lé e."

Kí a tó ṣẹ́jú, ẹnì kan ti gbé mílíìkì alágolo dé, ẹlòmíràn ń sáré gbé epo pupa bọ̀, ọkùnrin kan ń wá ṣíbí tí yóò fi la eyín rẹ̀. Màmá Nọ́ọ̀sì pariwo mọ́ wa: "Ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu! Ọmọ yìí ò mí!"

Lórí gbólóhùn yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ dúró lé. Tramadol, codeine, morphine, heroin, pentazocine, fentanyl: ẹbí kan ni wọ́n, opioid ni àwọn oníṣègùn ń pè wọ́n. Oògùn apàrora gidi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún mọ iyì wọn, ẹni tí jẹjẹrẹ ń bá fínra mọ̀ ọ́n, ẹni tí fòníkú-fọ̀ladìde dá gúnlẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àga kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n máa ń jókòó lé. Orí àga yẹn ni wọ́n ti ń sọ fún ìrora pé kó dákẹ́. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń sọ fún èémí pé kó rọra. Tí wọ́n bá pọ̀ jù, èémí á rọra, á rọra, títí yóò fi gbàgbé láti padà wá. Ọkàn á ṣì máa lù fún ìgbà díẹ̀. Ara á ṣì gbóná. Ẹni tó ń wò ó á ní oorun ni.

Naloxone ni oògùn tí ń lé wọn kúrò lórí àga náà. Àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Jack Fishman àti Mozes Lewenstein, ló ṣe é ní 1961. Ìjọba wọn sì fọwọ́ sí i ní 1971. Tí naloxone bá wọ ara, yóò ti opioid dànù, yóò sì jókòó sórí àga náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní pa àṣẹ kankan. Èémí á padà. Bí wọ́n ṣe fín in símú tàbí tí wọ́n gún un sí iṣan itan, láàárín ìṣẹ́jú méjì sí márùn-ún ló máa ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ẹni tí kò lo opioid ní nǹkan, kì í sì í di bárakú fún ẹnikẹ́ni. Ohun kan wà nínú ìtàn Fishman tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn: ní 2003, heroin tó lò jù pa ọmọ ìyàwó rẹ̀. Oògùn tí bàbá ṣe ti wà láyé láti ogójì ọdún ó lé, kò dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Ohun tí Màmá Nọ́ọ̀sì rí láàárín ìṣẹ́jú kan yẹn ni mo fẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan ní Òṣogbo àti gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ̀ ọ́n rí. Ọmọlójú rẹ̀ ti sún kì, ó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Èémí rẹ̀ jìnnà síra: tó bá fa ọ̀kan, èèyàn lè ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀wá kó tó fa òmíràn. Ìwé àwọn aláwọ̀ funfun máa ń sọ pé ètè yóò di búlúù. Lára tiwa, àwọ̀ eérú lẹ máa rí, inú ètè, erìgì, èékánná àti àtẹ́lẹwọ́ sì ni kí ẹ ti wá a. Ìhanrun tó ń ró bí omi nínú agbè yẹn, ọ̀nà ọ̀fun tó ń dí ló ń fà á. Ẹni tí ẹ pè, tí ẹ gbọ̀n jìgìjìgì, tí ẹ ha láyà tí kò dáhùn, ẹ má ṣe fi sílẹ̀ pé kó sùn.

Ẹ ké kí èèyàn wá, kí ẹnì kan máa pe 112, kí ẹnì kan máa wá mọ́tò. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó fẹ̀yìn lélẹ̀. Bí naloxone tí wọ́n ń fín símú bá wà, ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ ihò imú kan, kí ẹ tẹ ìdí rẹ̀ títí dé òpin. Ìfín kan péré ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ má kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jẹ́ ti abẹ́rẹ́, iṣan itan tàbí ti apá ni, bó wọṣọ, ẹ lè gún un gba orí aṣọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ dí imú rẹ̀, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-márùn-ún, kí ẹ rí i pé àyà rẹ̀ ń gòkè. Tí ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta bá kọjá tí kò sí àyípadà, ẹ fín òmíràn sí ihò imú kejì. Tó bá ti ń mí fúnra rẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ ká orúnkún tó wà lókè síwájú kó má baà yí padà, kí èébì má baà há a lọ́fun.

Bí naloxone ò bá sí ńkọ́? Atẹ́gùn ẹnu yín wà. Ohun tí Màmá Nọ́ọ̀sì lò lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ó fi ìborùn rẹ̀ nu itọ́ ọmọ náà kúrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ ẹ. Nínú mọ́tò, lórí ọ̀nà tó kún fún kòtò, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń kà, ó tún ń fẹ́ ẹ.

Mo mọ ibi tí mílíìkì àti epo pupa yẹn ti wá. Ọ̀dọ̀ ìfẹ́ ni. Láyé àwọn ìyá wa, epo ni ẹ̀rọ̀ májèlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé òun wà láyé kò lè gbé nǹkan mì. Ẹ̀dọ̀fóró ni ohun tí ẹ bá dà sí i lẹ́nu ń lọ. Ìfẹ́ kan náà ló bí àgbo ìtọ̀ màlúù tí wọ́n máa ń rọ́ fún ọmọ tí gìrì bá mú, èyí tí wọ́n fi ewé tábà, efinrin, aáyù, àlùbọ́sà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ pò. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, wọ́n rí i pé ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀ gan-an, ó sì ń dá èémí dúró. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí gìrì ìbá fi sílẹ̀, àgbo náà ni kò fi í sílẹ̀. Mi ò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Màmá tó bí mi lọ́mọ rọ́ ọ rí.

Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ dé kò ní naloxone. Wọ́n wò wá, wọ́n ní kí a máa lọ sí iwájú. Ìbínú ọjọ́ yẹn ṣì wà lọ́kàn mi, nítorí pé oògùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ sínú àkójọ àwọn oògùn tí kò gbọ́dọ̀ wọ́n nílé ìwòsàn ni. Ní ìkejì, dókítà ọ̀dọ́ kan sáré wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ó sì mú ìgò rẹ̀ tín-ín-tín kan jáde. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń kun èèyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ ni naloxone sábà máa ń wà lọ́dọ̀ wa, bíi pé yàrá iṣẹ́ abẹ nìkan ni èémí ti ń dákẹ́.

Ó sì yẹ kí ó ti jáde níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ìwádìí tí National Bureau of Statistics àti àjọ UNODC gbé jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 sọ pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ló lo oògùn olóró ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan, àti pé mílíọ̀nù 4.6 nínú wọn ló lo tramadol, codeine, morphine àti irú wọn láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún wọn. Ẹkùn Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn, ilẹ̀ tiwa, ló ga jù lọ: 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ Iléṣà ló sì wà nípò mínísítà ètò ìlera nígbà tí ọ̀rọ̀ náà hó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adéwọlé. BBC gbé fíìmù kan jáde ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2018 lórí omi ìkọ́ oní-codeine. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún, Adéwọlé fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé. Iṣẹ́ tó dára ló ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò yìí yára ju òfin lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2025, BBC kan náà tún fi hàn pé ilé iṣẹ́ kan ní Íńdíà, Aveo, ń pò tapentadol tí í ṣe opioid mọ́ carisoprodol, ó ń kó o wá sí Gánà, Nàìjíríà àti Ivory Coast. Ọ̀kan nínú orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára ni Royal 225.

Two-two-five. Tramadol tí NAFDAC fọwọ́ sí kì í kọjá miligíráàmù 100 nínú hóró kan, nítorí náà nọ́ńbà yẹn fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí pé ọ̀nà ẹ̀bùrú ló gbà wọlé. Ọ̀rẹ́ ọmọ tó gbé e mì ní Tramol ló lò. Ta ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Tramadol gidi pàápàá lè mú kí ara èèyàn máa gbọ̀n bíi ti wárápá, naloxone kì í sì í wo ìyẹn. Kì í lé ọtí kúrò lára, kì í lé Rohypnol tí àwọn ọmọ ń pè ní réfù, kì í lé carisoprodol. Bí wọ́n bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ bíi ti omi gọ́tà tí wọ́n ń pò lágbo àríyá, apá opioid ibẹ̀ nìkan ni naloxone ká. Síbẹ̀, ẹ fún un. Apá yẹn ló sábà máa ń gbé èémí lọ. Ní Sàró, Ààrẹ Julius Maada Bio kéde pàjáwìrì lórí oògùn olóró kan tí wọ́n ń pè ní kush ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá nitazene nínú rẹ̀, opioid tí wọ́n ń ṣe nínú yàrá kẹ́míkà, tí òmíràn nínú wọn lágbára ju fentanyl lọ. Sàró ò jìnnà sí wa.

Àwọn kan yóò ní ṣé a fẹ́ gbé oògùn alágbára lé púrúǹtù lọ́wọ́ ni? Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Ní 1956, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ó ń rí àwọn ọmọ tí ìyà àìjẹunre, ibà àti ìgbẹ́ gbuuru ń pa, ó sì rí i pé kí wọ́n tó gbé ọmọ dé Iléṣà, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àwọn obìnrin ìlú ni wọ́n sì kọ́ láti ṣe ọ̀pọ̀ nínú ìtọ́jú náà. Ó ṣe káàdì kan tí wọ́n ń fi àmì ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù, kí ojú lè rí i bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Lẹ́yìn náà ló gbé káàdì yẹn lé àwọn ìyá lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa mú un lọ sílé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá yẹn ò mọ̀wé. Wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ikú ọmọdé dín kù jọjọ níbẹ̀, káàdì náà sì tan ká ayé débi pé ìyá tó gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Kẹ́ńyà tàbí ní Íńdíà mọ irú rẹ̀. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ti jáde. Àwa la kọ́ ayé pé ẹni tó sún mọ́ aláìsàn jù lọ ló yẹ kí irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé wá sọ nípa naloxone ní 2014: kí ẹnikẹ́ni tó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀ nígbà tí èémí bá fẹ́ dákẹ́ ní in lọ́wọ́, kí wọ́n sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ìjọba Scotland ti ń pín in fáwọn ará ìlú láti 2011. Ní Amẹ́ríkà, láti 2023 ni ìjọba ti fọwọ́ sí i pé kí èèyàn máa ra èyí tí wọ́n ń fín símú láìgba ìwé dókítà. Lọ́dọ̀ tiwa, mo fẹ́ rí i ní gbogbo ilé ìtọ́jú alábọ́dé, ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, lọ́wọ́ àwọn alága gáréèjì ní Òṣogbo, lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́kadà, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù lágbègbè Ìtagunmọ́dì. Mo fẹ́ rí i lójúbọ Ọ̀ṣun nígbà ọdún, nígbà tí ọ̀dọ́ bá ya wọ Òṣogbo bí omi. Ó yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀wọ̀n dé, tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn lára rẹ̀. Ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé oògùn, ọkàn rẹ̀ ò tíì gbàgbé. Ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ tí kò ṣe é ní nǹkan, òun ló lè pa á báyìí.

Mo tún rántí bí àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà ṣe ń wolẹ̀. Ìbẹ̀rù ló ń bá wọn jà. Méjì nínú wọn ti rìn lọ kí mọ́tò tó dé. Ní 2017, orílẹ̀-èdè yìí ṣe òfin pé kí ilé ìwòsàn gba ẹni tí ìbọn bà, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ láìdúró de ìwé ọlọ́pàá, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ti ń dànù kí ìwé tó dé. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ló yẹ ẹni tí oògùn gbé èémí rẹ̀, kó sì dáàbò bo ọ̀rẹ́ tó gbé e wá. NDLEA ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́, 0800 1020 3040, tí ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ lè pè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà láàyè nìkan ló lè pè é.

Dókítà ọ̀dọ́ yẹn gún un lábẹ́rẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọmọ náà fa èémí kan tó gùn bíi ti ẹni tó yọrí nínú odò. Ó la ojú. Ó bì. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí bínú: ta ló gbé òun wá síbí, kí wọ́n fún òun ní bàtà òun. Ìbínú yẹn, naloxone ló ń fà á. Bó bá gba oògùn lára ẹni tó ti mọ́ lára lójijì, ara á máa dùn ún, òtútù á máa mú un. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dúpẹ́, wọ́n ti ń wá ọlọ́kadà tí yóò gbé e lọ sílé.

Màmá Nọ́ọ̀sì ní kò sí ibi tó ń lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn àwọn Ìjẹ̀ṣà mọ òṣómàáló. Àwọn bàbá wa máa ń gbé aṣọ títà láwìn wọ ìlú onílùú, tí ọjọ́ owó bá pé, wọn á lóṣòó síwájú ilé ajigbèsè. Òṣó ni màá ló kí n tó gbowó mi. Wọn kì í lọ. Irú ìjókòó yẹn ni naloxone ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fi í fún èèyàn, nítorí pé kì í pẹ́ lórí àga. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí àádọ́rùn-ún, ó ti dìde lọ. Opioid tó lé dànù lè ṣì wà nínú àgbàlá, tramadol pàápàá máa ń pẹ́ lára ju naloxone lọ dáadáa. Bí àga bá ti ṣófo, yóò padà jókòó. Ẹni tí wọ́n gbé relé tayọ̀tayọ̀ lè tún máa hanrun lórí ẹní lóru, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn.

Ó fa àpótí kékeré kan sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó. Ọmọ náà bú u, kò dá a lóhùn. Nígbà tó tó bíi wákàtí kan, ohùn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí lọ sílẹ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gulu-gulu, mo tún gbọ́ ọ. Màmá Nọ́ọ̀sì ti na ọwọ́ sí dókítà kí n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n gún un lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá ọmọ náà dé nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, gèlè lọ́wọ́, bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́sẹ̀. Ó wólẹ̀ sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, kò lè sọ̀rọ̀. Ọmọ náà wò ó, ó rọra ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, Màámi. Ebi ń pa mí." Màmá Nọ́ọ̀sì ò wo ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Ojú rẹ̀ wà lára aago ògiri, ọwọ́ rẹ̀ wà láyà ọmọ náà, ó ń ka èémí rẹ̀. Ó ka mẹ́rìnlá láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó tún un kà, mẹ́rìnlá. Ó wá di orúnkún mú, ó dìde, ó béèrè lọ́wọ́ mi pé níbo ni mo gbé kúlà òun sí.